Ojú Wa Ń Bẹ Lọ́nà: Ọdún Méje Ìfojúsọ́nà fún Géèmù Kentucky Route Zero

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí mo fẹ́ràn gan-an, òun ni ìfojúsọ́nà. Tí ẹ bá tú u, ẹ máa rí odindi gbólóhùn nínú rẹ̀: fi ojú sí ọ̀nà. Ẹni tó ń retí àlejò kì í kàn jókòó lásán. Á máa yọjú síta, á máa wo ojú ọ̀nà bóyá àlejò ti ń bọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé nípa géèmù orí kọ̀ǹpútà kan tí àwọn ènìyàn fojú sọ́nà fún odidi ọdún méje. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà gan-an ni géèmù náà dá lé lórí.

Kentucky Route Zero ni orúkọ rẹ̀. Kentucky jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Route Zero sì ni òpópónà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ òdo. (Òdo ni mo wí o, kì í ṣe odò. Odò náà ń bọ̀ níwájú.) Jake Elliott àti Tamas Kemenczy ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Chicago, Ben Babbitt sì ni ẹnì kẹta wọn tó ṣe orin rẹ̀. Wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Cardboard Computer, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi páálí ṣe. Orúkọ yẹn nìkan ti jẹ́ kí a mọ̀ pé kì í ṣe iléeṣẹ́ olówó ńlá.

Apá márùn-ún ni géèmù náà ní. Apá kìíní jáde ní oṣù kìíní ọdún 2013, apá karùn-ún ò sì jáde títí di oṣù kìíní ọdún 2020. Kí ló dé tí àwọn ènìyàn fi dúró? Ẹlòmíràn á sọ pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n dúró lọ. Èrò tèmi yàtọ̀. Mo gbà pé ìdúró náà wọ inú géèmù, ó di ara rẹ̀, àti pé ẹni tó bá ta géèmù yìí lónìí ní ọjọ́ méjì ò lè rí gbogbo ohun tí àwọn tó dúró rí.

Awakọ̀ kan, ajá kan, ẹrù ìkẹyìn

Tí wọ́n bá ní géèmù, ìbọn àti bọ́ọ̀lù ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ sí. Kò sí ìkankan níbí. Kò sí ẹni tó ń borí, kò sí ẹni tó ń pàdánù. Ìtàn ni. O máa ka ohun tí ẹnì kan sọ, o máa yan ohun tí ẹlòmíràn fẹ́ fi dá a lóhùn, o máa tẹ ibì kan lójú kọ̀ǹpútà kí ẹni inú rẹ̀ lè rìn lọ síbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Conway ti dàgbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ọkọ̀ akẹ́rù kó àga àti tábìlì àtijọ́ lọ sílé àwọn oníbàárà. Ṣọ́ọ̀bù tó ń bá ṣiṣẹ́ ti fẹ́ kógbá sílé, ẹrù ìkẹyìn ló gbé sínú ọkọ̀ yìí. Ojúlé 5, Dogwood Drive, ni wọ́n ní kó gbé e lọ, àmọ́ kò rí ibẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ó yà sí ilé epo kan tí orí ẹṣin ràgàjì kan wà lókè rẹ̀. Bàbá afọ́jú kan tó ń jẹ́ Joseph jókòó síta níbẹ̀. Bàbá yìí ló sọ fún un pé kò lè dé ibẹ̀ àfi tó bá gba Zero, òpópónà kan tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ajá Conway wà lẹ́yìn rẹ̀, ajá arúgbó tó dé akẹtẹ̀.

Bó ṣe ń lọ ló ń pàdé àwọn ènìyàn. Ó pàdé Shannon Márquez tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ó pàdé Ezra, ọmọdékùnrin kan tó ní ẹyẹ idì ńlá bí arákùnrin. Ó pàdé Junebug àti Johnny, olórin méjì tó jẹ́ ẹ̀rọ. Ọ́fíìsì ìjọba kan wà tí odindi àjà kan nínú rẹ̀ kún fún ẹranko béárì, kò sì sí ẹni tó yà lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ àlọ́ ìjàpá rí, tí ẹ ti ka ìwé Fágúnwà díẹ̀, kò ní yà yín lẹ́nu náà.

Abẹ́ ilẹ̀ Kentucky

Ẹ jẹ́ ká yà sí abẹ́ ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí kì í ṣe pé àwọn mẹ́ta yìí kàn ṣàdédé fi òpópónà wọn síbẹ̀. Ní Kentucky gidi, ihò àpáta kan wà tí wọ́n ń pè ní Mammoth Cave. Nínú gbogbo ihò tí ọmọ ènìyàn ti wọ̀n ní ayé, kò sí èyí tó gùn tó o: ó ju máìlì 400 lọ. Lọ́dún 1838, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Stephen Bishop bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn àlejò wọ inú ihò náà. Ẹrú ni. Òun ló kọ́kọ́ sọdá kòtò ńlá kan tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ò lè kọjá, òun náà ló sì ya àwòrán àwọn ọ̀nà inú ihò náà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1840. Ọdún 1856 ló tó gba òmìnira, ó sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé géèmù la ń sọ, àmọ́ mi ò lè dárúkọ ihò yìí kí n má dárúkọ rẹ̀.

Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Will Crowther tó dé ibẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ tiẹ̀. Ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ARPANET, tí íntánẹ́ẹ̀tì ti inú rẹ̀ jáde. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Patricia, fẹ́ràn kí wọ́n máa wọ ihò ilẹ̀ kiri. Kódà Patricia wà lára àwọn tó rí i lọ́dún 1972 pé Mammoth Cave àti ihò Flint Ridge so pọ̀. Ìgbéyàwó wọn tú ká lẹ́yìn náà. Ní nǹkan bí ọdún 1975 sí 1976, Will jókòó, ó kọ géèmù kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin lè máa fi ṣeré. Kò sí àwòrán kankan nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni. Kọ̀ǹpútà á sọ ibi tó o wà fún ọ, ìwọ náà á tẹ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì láti sọ ohun tó o fẹ́ ṣe. Ihò ilẹ̀ Kentucky tí Will mọ̀ bí ẹní mowó ló kọ sínú rẹ̀. Don Woods wá fi nǹkan kún un lọ́dún 1977. Adventure ni wọ́n ń pe géèmù náà, orúkọ yẹn ni gbogbo géèmù ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ sì ń jẹ́ títí dòní.

Ṣé ẹ wá rí i? Nígbà tí Conway gba abẹ́ ilẹ̀ Kentucky lọ, orísun ni géèmù náà padà sí. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ní apá kẹta, a bá ọ̀gbẹ́ni Donald nínú ihò kan, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ètò rẹ̀, ihò àpáta ló sì wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Odò Echo tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi rìn ní apá kẹrin náà kì í ṣe irọ́. Ó wà nínú Mammoth Cave, nígbà kan rí wọ́n sì máa ń fi ọkọ̀ gbé àwọn àlejò káàkiri lórí rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Owó ìdáwó kì í ṣe èésú

Ní oṣù kìíní ọdún 2011, Elliott àti Kemenczy gbé èrò géèmù yìí lọ sórí Kickstarter, tí kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n dá a sílẹ̀ nígbà náà. Àwọn kan nínú wa máa ń ṣàlàyé Kickstarter fún àwọn òbí wa pé ó dà bí èésú. Kò jọ ọ́ rárá. Nínú èésú, owó tó o dá ni wàá kó nígbà tó bá kàn ọ́. Nínú ìdáwó ti Kickstarter, o fi owó sílẹ̀ fún ohun tí kò tíì sí. Tí iye tí wọ́n béèrè ò bá pé, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tó bá pé, ó ti di ìlérí nìyẹn, ọrùn ẹni tó gba owó ni ìlérí náà sì wà.

Dọ́là 6,500 ni wọ́n béèrè. Ènìyàn 205 ló dá owó, ó sì di dọ́là 8,583. Owó yẹn ò lè tó ènìyàn mẹ́ta ná fún ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kejì ọdún 2012, Tim Schafer àti iléeṣẹ́ rẹ̀, Double Fine, béèrè dọ́là 400,000 lórí Kickstarter kan náà, fún géèmù ìrìn-àjò tí kò tíì ní orúkọ. Ó lé ní 87,000 ènìyàn tó dá owó, owó náà sì ju dọ́là mílíọ̀nù 3.3 lọ. Ìfojúsọ́nà ti pọ̀ jù! Síbẹ̀ owó náà ò tó wọn. Wọ́n pín géèmù náà, tí wọ́n wá ń pè ní Broken Age, sí méjì. Ìdajì jáde lọ́dún 2014, ìdajì tó kù di ọdún 2015, inú sì bí àwọn kan nínú àwọn tó dáwó. Torí náà kì í ṣe àìlówó nìkan ló ń fa ìdúró. Ẹni tó fẹ́ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe rí, ó ṣòro kó mọ ọjọ́ tó máa parí rẹ̀.

Pẹ̀lú Kentucky Route Zero, ìrísí géèmù tí wọ́n fi hàn nígbà ìdáwó ọdún 2011 yàtọ̀ sí èyí tó jáde lọ́dún 2013. Wọ́n ti da ti àkọ́kọ́ nù, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá wo bí àwọn apá náà ṣe jáde: ìkíní ní oṣù kìíní 2013, ìkejì ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ìkẹta ní oṣù karùn-ún 2014, ìkẹrin ní oṣù keje 2016, ìkarùn-ún ní oṣù kìíní 2020. Oṣù mẹ́rin, ọdún kan, ọdún méjì ó lé díẹ̀, ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Bí ìtàn ṣe ń sún mọ́ òpin ni ìdúró ń gùn sí i.

Àwọn òbí wa mọ irú èyí díẹ̀. Láyé kásẹ́ẹ̀tì fídíò, fíìmù Yorùbá á dé ibi tó dùn jù, á ṣàdédé parí, wọ́n á ní ká máa retí apá kejì. Àmọ́ apá kejì yẹn kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tó fi ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ dúró dè é, àbí?

Kí ni orúkọ ajá yìí?

Ohun tuntun wo ló wà nínú géèmù yìí tó fi yẹ ní dídúró dè? Nínú ọ̀pọ̀ géèmù onítàn, ohun tó o bá yàn ló máa sọ bí ìtàn á ṣe parí: lágbájá á kú tàbí kò ní kú. Ẹni tó ń ta á á máa ṣọ́ra kó má ṣi nǹkan yàn. Nínú Kentucky Route Zero, ohun tó o bá yàn kì í yí òpin padà. Ohun tó ń yí padà ni irú ènìyàn tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Kò tíì pẹ́ tí géèmù bẹ̀rẹ̀ tí Joseph fi béèrè orúkọ ajá Conway. O lè ní Homer lorúkọ rẹ̀. O lè ní Blue ni. O sì lè ní ajá lásán ni, o ò mọ orúkọ rẹ̀. Èyíkéyìí tó o bá yàn, ajá kan náà ni, akẹtẹ̀ kan náà ló dé. Àmọ́ Conway tó sọ ajá rẹ̀ ní Blue àti Conway tí ò mọ orúkọ ajá tó ń bá a rìn kì í ṣe irú ènìyàn kan náà. Nígbà mìíràn, ìwọ lo máa yan ìbéèrè, ìwọ náà lo máa yan ìdáhùn.

Èyí tó dùn jù wà ní apá kẹta. Junebug dúró kọrin nínú ilé ọtí kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ènìyàn níbẹ̀. Ìlà orin mẹ́ta á jáde sójú kọ̀ǹpútà, o máa yan ọ̀kan, òun náà á sì kọ èyí tó o yàn. Bó ṣe ń kọ ọ́, òrùlé ilé ọtí náà ká kúrò lórí wọn, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀. Nínú orin wa, olórin ló ń lé, àwọn ènìyàn ló ń gbè. Níbí, ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ ló ń fún olórin ní lílé. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ nínú géèmù mìíràn.

Ẹ wá ro bí èyí ṣe kan ìdúró. Àwọn tó ń fojú sọ́nà fún apá tó kàn kì í ṣe bí ẹni tó fẹ́ mọ apànìyàn inú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Wọn ò ní ohun tí wọ́n lè jà lé lórí pé èwo ni òpin tó tọ́. Ohun tí wọ́n gbé dání láàárín ọdún kan sí òmíràn ni àwọn ìdáhùn tí wọ́n ti fún àwọn ènìyàn inú ìtàn náà, bí ìgbà tí èèyàn ń rántí ohun tó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ríra gbẹ̀yìn.

Ìpanu

Tí àlejò bá dé tí oúnjẹ ò tíì jinná, a máa ń fún un ní ìpanu. Ohun tí àwọn Cardboard Computer ṣe náà nìyẹn. Láàárín apá kan sí òmíràn, wọ́n ń fi àwọn géèmù kéékèèké sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ dúró lórí mẹ́ta.

The Entertainment jáde lọ́dún 2013. Eré orí ìtàgé ni. Ìwọ tó ń ta á, o jókòó sídìí tábìlì kan nínú ilé ọtí, lórí ìtàgé gan-an, o wà lára àwọn òṣèré, àmọ́ wọn ò fún ọ ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Ohun tó o lè ṣe ò ju kó o máa wò ọ̀tún wò òsì, kó o máa gbọ́ bí àwọn yòókù ṣe ń sọ̀rọ̀ gbèsè ọtí tí wọ́n jẹ. Nígbà tí apá kẹta dé lọ́dún 2014, ilé ọtí yẹn ni Junebug ti kọrin.

Èkejì, Here and There Along the Echo, jáde lọ́dún 2014 bákan náà. Tẹlifóònù ni, kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. O máa pe nọ́ńbà kan, ohùn ọkùnrin kan á máa ṣàlàyé nípa Odò Echo, á ní kó o tẹ nọ́ńbà yìí fún èyí, kó o tẹ nọ́ńbà yẹn fún tọ̀hún. Will Oldham, olórin ọmọ Kentucky, ló ni ohùn náà. Ó wá ju ti inú kọ̀ǹpútà lọ, torí wọ́n tún fi nọ́ńbà gidi sílẹ̀ tí èèyàn lè fi fóònù ara rẹ̀ pè nígbà náà. Ẹ fojú inú wò ó: ìtàn tó ò ń dúró dè ti wà lórí fóònù rẹ, àmọ́ odò tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọdún 2016 lo máa tó rí i.

Lẹ́yìn náà ni Un Pueblo de Nada, ní oṣù kìíní 2018, nígbà tí ọ̀pọ̀ ti fẹ́ sọ̀rètí nù. Ilé tẹlifíṣọ̀n kékeré kan nínú ìlú kékeré kan ni, òjò ńlá sì ń rọ̀ níta. Ọdún méjì gbáko ni òjò yẹn fi rọ̀ lójú àwọn tó ń dúró. Nígbà tí apá karùn-ún ṣí, ilẹ̀ ti mọ́, ìkún omi ti gba ìlú yẹn kọjá.

Torí náà, nínú ìkòkò kan náà ni ìpanu àti oúnjẹ ti ń jáde. Kì í ṣe ìpolówó ọjà tí wọ́n fi ń tan ènìyàn jókòó.

Eegun, gbèsè, àti ẹni tó lọ

Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Conway, kó fò kọjá síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa apá karùn-ún.

Gbèsè ló wà ní ìdí gbogbo ìtàn yìí. Iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná kan ń ra gbogbo ohun tó wà nílùú ní díẹ̀díẹ̀. Ibi ìwakùsà kan wà tí omi ti ya wọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ kú sí. Irú ayé bẹ́ẹ̀ ò jìnnà sí òtítọ́: ní Kentucky nígbà kan, àwọn iléeṣẹ́ èédú máa ń fi owó tiwọn, tí èèyàn ò lè ná ju ní ṣọ́ọ̀bù iléeṣẹ́ lọ, san owó iṣẹ́ fún àwọn awakùsà. Tí oṣù bá parí, òṣìṣẹ́ á tún jẹ gbèsè.

Conway fara pa lẹ́sẹ̀ ní apá kìíní. Dókítà tọ́jú ẹsẹ̀ náà ní apá kejì, àmọ́ ẹsẹ̀ tí Conway jí bá ò jọ tiẹ̀ mọ́: eegun lásán tó ń tàn yòò. Ní apá kẹta wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń pọn ọtí wisikí lábẹ́ ilẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jẹ́ kìkì eegun bí ẹsẹ̀ yẹn. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àmì ohùn, eegun ni, kì í ṣe eégún. Kò sí aṣọ lára wọn.) Conway ti jáwọ́ nínú ọtí mímu tipẹ́. Wọ́n gbé ife kan fún un, ó mu ún, ó sì ti di gbèsè sí i lọ́rùn nìyẹn. Nígbà tí apá kẹrin fi ń parí, àwọn eegun náà ti mú un lọ láti máa wa ọkọ̀ fún wọn.

Oṣù keje 2016 nìyẹn. Ẹni tí a ti bá rìn láti ọdún 2013 ti lọ, Shannon àti àwọn yòókù dúró ti ẹrù rẹ̀ létí omi, géèmù parí síbẹ̀. Kò sí ohun tó tún jáde nípa rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta àtààbọ̀. Ẹni tó bá ń ta á lónìí máa tẹ bọ́tìnnì kan, apá karùn-ún á ṣí, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni Conway fi kúrò lójú rẹ̀. Àwọn tó dúró, ó kúrò lójú wọn bí ènìyàn gidi ṣe ń kúrò lójú ẹni: a rántí rẹ̀ lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà lọ́sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà tí orin kan bá dún. Mo gbà pé èyí ni ìdúró fi kún géèmù náà, tí kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè fi kún un.

Ṣé mo wá ń sọ pé kò sóhun tó burú nínú ìdúró náà? Rárá o. Àwọn tó ṣe géèmù nípa gbèsè, àwọn náà wà nínú gbèsè. Yàtọ̀ sí àwọn 205 yẹn, ọ̀pọ̀ ló ti san owó apá márààrún lẹ́ẹ̀kan náà láti ọdún 2013. Ẹni tó sanwó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ọjà rẹ̀, kì í ṣe àfojúdi. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ ju bí wọ́n ṣe sọ lọ, pàápàá lẹ́yìn ọdún 2016. Àmọ́ tí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé kí wọ́n sáré parí rẹ̀ lọ́dún 2017, màá ní rárá. Ohun tí wọ́n jẹ àwọn ènìyàn ni òpin tó bá ìtàn náà mu, wọ́n sì san án.

Apá karùn-ún ò jọ ti ìṣáájú. Òru ló kún inú apá mẹ́rin àkọ́kọ́. Ọ̀sán gangan ni èyí. Ojú kan náà ni wọ́n wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ológbò kan ni ìwọ tó ń ta á ń darí, ó ń sáré yí ìlú po, ó ń gbọ́ bí àwọn ará ìlú ṣe ń jiyàn bóyá kí wọ́n kó lọ lẹ́yìn ìkún omi tàbí kí wọ́n dúró tún ìlú wọn ṣe. Ẹṣin méjì tí gbogbo ìlú fẹ́ràn ti kú sínú omi, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ láti sin wọ́n. Ojúlé 5 náà wà níbẹ̀, ilé funfun tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Àwọn kan tó ti dúró fún ìgbà pípẹ́ ń retí ọkọ̀ akẹ́rù, òkùnkùn àti ọ̀nà. Ọ̀nà ti tán níbẹ̀. Ẹrù ló kù tí wọ́n fẹ́ já.

Tí ẹ bá fẹ́ ta á

Gbogbo apá márààrún àti àwọn ìpanu wà papọ̀ báyìí, lórí kọ̀ǹpútà, PlayStation 4, Xbox One àti Nintendo Switch. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ta á tán lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ta apá kan, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ẹ tó ṣí ìpanu tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn apá kẹrin, ẹ dúró pẹ́ díẹ̀.

Nǹkan kan tún wà fún àwa tí à ń kọ́ Yorùbá. Ìtàn náà kún fún ìjíròrò, èèyàn lè fi kọ́ bí a ṣe ń túmọ̀. Mo gbìyànjú ti ilé epo, kò sì rọrùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ò béèrè ẹni tó dàgbà jù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àmọ́ ní Yorùbá, kí Conway tó lanu ni a ti gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá "o" ni tàbí "ẹ". Mo jẹ́ kó pe Joseph ní Bàbá, kó sì fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun alára ti hu ewú. Shannon máa ń sọ "ẹ" sí Conway. Àwọn eegun yẹn ńkọ́? Mo jẹ́ kí wọ́n sọ "o" sí i látìgbà tó ti mu ọtí wọn, torí pé bí olówó ṣe ń bá ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ìyẹn ò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Orúkọ ajá náà ṣì kù. Homer àti Blue ò dùn létí mi ní Yorùbá. Àwọn àgbà máa ń sọ ajá wọn ní orúkọ tó jẹ́ òwe, kí wọ́n lè máa fi ránṣẹ́ sí àwọn aládùúgbò tí wọ́n bá ń pè é. Tanímọ̀la ni mo fi síbẹ̀. Tí ẹ bá ní èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú un wá sí kíláàsì.